Òkúta Tí Kò Lórúkọ ní Ìdí-Ìyeyè

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí ojú mi, kí ẹni tó wà níwájú má sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí mi lẹ́nu. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́níran ni, bàbá ọdẹ tó jókòó sábẹ́ igi lọ́hùn-ún yẹn, tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, tó ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Òun ni ìbá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ìṣàn omi yóò di òkun, eré yóò di ìjà, ebi yóò sì pa gbogbo wa síbí. Ìdí nìyẹn tí ìlú fi ní kí èmi máa sọ ọ́, kí òun máa fetí sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò láàárín wa lónìí, àṣà wa ni kí n kọ́kọ́ sọ fún yín. Ní Ìdí-Ìyeyè níhìn-ín, láyé ogun, ẹni tó bá ń lọ sójú ogun yóò wá òkúta kan tó wù ú, yóò gbé e sẹ́nu ibodè, yóò pe orúkọ ara rẹ̀ lé e lórí, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Bó bá padà dé, òkúta yẹn ni yóò kọ́kọ́ gbé kó tó kí ìyàwó. Òkúta tí ẹnikẹ́ni kò bá padà wá gbé, ti ẹni tó sùn sójú ogun ni. Àwọn ló kóra jọ tí a fi ń pe ibẹ̀ ní Òkìtì Akọni. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, a ó jáde ní ọ̀sán gangan, a ó fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ̀ wọ́n, a ó fi osùn pa wọ́n lára. Olókìtì, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀, yóò pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ará ilé onítọ̀hún yóò sì dáhùn pé, "A kò gbàgbé."

Òkúta kan wà níbẹ̀ tí kò lórúkọ. Kò tóbi ju orí ewúrẹ́ lọ, orí rẹ̀ sì tẹ́jú. Olókìtì àtijọ́ tó mọ gbogbo wọn kú lọ́dún tí Ogun Odò Pupa parí. Olúkúlùkù ilé ló wá tọ́ka sí òkúta ẹni tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tọ́ka sí èyí. Fún ogójì ọdún là ń fọ̀ ọ́. Bí a bá kàn án, Olókìtì á wúkọ́, àwa náà á máa wo ilẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò sẹ́ni tó fọkàn sí i nígbà náà. Bí a bá ti ń da omi sí òkúta yẹn, òtútù a máa mú Ọdẹ́níran. Yóò gbọ̀n, yóò sín lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì ní iyán àná ni kò bá òun lára mu. Bí ara rẹ̀ bá ti wálẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀: pé òun ló kẹ́yìn lójú ogun Odò Pupa, pé ọta ìbọn mẹ́ta wà nítan òun, pé òun fi eyín gbé ìbọn, òun sì lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò náà láìní olùrànlọ́wọ́. Ìtàn náà dùn. Àwọn ìyàwó rẹ̀ pàápàá mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó yá, ẹnìkan tó ń jẹ́ Akínrìnlọ́ di Olókìtì. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ètò ni. Bó bá rí ìyẹ́ adìẹ lágbàlá rẹ̀, inú rẹ̀ kì í dùn. Ó pe ìlú jọ, ó ní, "Òkúta tí kò lórúkọ, òkúta lásán ni. Ọjọ́ ìfọ̀kúta ku ìtàdógún. Bí a kò bá mọ ẹni tó ni ín nígbà yẹn, mo máa jù ú sódò."

Ìyá arúgbó kan dìde láàárín èrò. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúgbódi, oníka mẹ́fà, bá wọn lọ sí Ogun Odò Pupa gẹ́gẹ́ bí alásè, kò sì padà. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Olúgbódi gbé òkúta tirẹ̀ wá sí ibodè bíi ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú òkúta ààrò ilé wọn ni, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Àwọn àgbà ìgbà náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àlùbọ́sà ló ń lọ bá jà, kó gbé òkúta rẹ̀ padà sídìí ààrò. Ó sì gbé e padà, òun náà rẹ́rìn-ín, ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwẹ̀ró ní, "Olókìtì, ẹ má jù ú. Ẹnìkan ṣàánú àbúrò mi, ó fi òkúta kan lélẹ̀ fún un, kò kàn fẹ́ kí wọ́n mọ òun ni. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Ọdọọdún ni mò ń dáhùn sí i nínú ikùn mi. Bí ẹ bá jù ú, kò sí ibi tí orúkọ Olúgbódi wà láyé yìí mọ́ àfi ẹnu mi, ẹnu mi sì ti darúgbó."

Akínrìnlọ́ ní, "Ìyá, ta ló rí ẹni tó gbé e kalẹ̀?"

"Kò sí. Ẹ lọ bi àwọn tó kú."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ọdẹ́níran kò rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró ń wò ó. Ogójì ọdún ni Ọdẹ́níran ti ń sá fún ojú ìyá yìí. Bó bá rí i lọ́jà, ìsọ̀ ẹran ni yóò yà sí, bí kò tilẹ̀ fẹ́ ra ẹran. Lọ́jọ́ náà kò ríbi yà sí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kó tó mọ̀, ó ti sọ̀rọ̀: "Èmi yóò lọ bi wọ́n. Ṣé ìlú àwọn tó sùn sójú ogun ló lè nira fún èmi Ọdẹ́níran láti dé?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé ìbọn, ó di iṣu sísun sápò, ó wọ igbó.

Ẹ má bi mí iye ọjọ́ tó fi rìn. Igbó tí igi ti ń kí ènìyàn, tí ẹyẹ ti ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọdẹ, ta ló ń ka ọjọ́ níbẹ̀? Ó ṣáà dé ìdí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Òkè Òṣùwọ̀n. Iwin kan jókòó síbẹ̀ tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún, tó fi jẹ́ pé bó bá káwọ́ lé orúnkún kò ríran mọ́.

Iwin náà ní, "Sọ ẹni tí o jẹ́ fún mi, kí o máa gòkè."

"Èmi ni Ọdẹ́níran, ọdẹ tó pa ẹkùn mẹ́ta lọ́jọ́ kan."

Kó tó pa ẹnu dé, àpò èjìká rẹ̀ wúwo, ó sì fà á kúnlẹ̀. Iwin náà ní kó tún un sọ. Ọdẹ́níran ní ẹkùn méjì ni. Àpò náà fúyẹ́ díẹ̀. Ó ní kí á ṣáà pè é ní ẹyọ kan. Ó fúyẹ́ sí i, ó dìde, ó gòkè dé ìdajì, àpò náà tún ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

"Ó dáa," ni Ọdẹ́níran wí. "Ẹkùn náà ti kú kí n tó débẹ̀. Mo kàn bó awọ rẹ̀ ni."

Àpò náà fúyẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ, iwin ń bi í, ó ń dín in kù: ejò ńlá di aláǹgbá lásán, ìjàkadì di ìsáré. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ta ni nínú yín tí yóò gun òkè yẹn dé ìdajì? Nígbà tí wọ́n dé ṣóńṣó, iwin náà ní, "Ó ku ẹyọ kan. Báwo lo ṣe kọjá Odò Pupa?"

"Mo lúwẹ̀ẹ́."

Àpò náà já bọ́, ó rì sínú ilẹ̀ títí ó fi ku okùn rẹ̀. Iwin náà ń fi orúnkún wò ó. Ọdẹ́níran jọ̀wọ́ okùn náà, ó fi àpò, ìbọn àti iṣu sílẹ̀ sórí òkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì lọ́wọ́ òfo. Ọdẹ tó fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà sọ òtítọ́, òun nìkan ni mo gbọ́ rí.

Ẹ gbọ́ o, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi. Ó ní kí n má gbàgbé pé iṣu náà tóbi.

Láti ibẹ̀ ló ti wọ ìlú kan tí ariwo ti gbòde. Ìbọn ń dún, wọ́n ń pa màlúù, wọ́n ti gbẹ́ ère jagunjagun kan tó ga ju ọ̀pẹ lọ sáàárín ìta, wọ́n ń jó yí i ká. Ọdẹ́níran di ọkùnrin kan mú, ó bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe.

"À ń rántí àwọn akọni wa."

"Ta ni wọ́n?"

Ọkùnrin náà wojú ère, ó wojú Ọdẹ́níran. Ó ní, "Ẹ jẹun ná."

Bàbá arúgbó kan wà nídìí ère náà, ó ń gbá ewé. Àwọn tó ń jó ń tì í síwá sẹ́yìn, wọ́n ń sọ pé, "Bàbá, ẹ kúrò lọ́nà, ọjọ́ àwọn akọni lòní." Ọdẹ́níran gbójú sókè wo ojú ère, ó tún wo ojú bàbá náà. Imú kan náà ni, àpá kan náà ló sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n gbẹ́."

"Ṣé o ríran," ni bàbá náà wí. "Ìwọ lẹni kìíní. Wọ́n ní mo ti kú, ìnáwó náà sì ti pọ̀ jù kí n tó dé, n kò wá fẹ́ ba ọjọ́ wọn jẹ́. Níbo lò ń lọ?"

Ọdẹ́níran sọ fún un. Bàbá náà fi ọwọ̀ rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀nà, ó sì pa àlọ́ kan fún un pé bó bá dé ibodè ìlú àwọn tó sùn, òun ni wọn yóò bi í: "Kò gbé idà, kò yìnbọn, ó gba odidi ẹgbẹ́ ogun là láàárọ̀, ó tún gbà wọ́n là lálẹ́. Ta ni?" Ọdẹ́níran rò ó títí ó fi dé ibodè. Ó rò ó sí oògùn, ó rò ó sí adágún omi, ó rò ó sí sísá. Kò rí ìdáhùn rẹ̀.

Àmọ́ ẹni tó dúró níbodè kò bi í ní àlọ́ kankan. Lájùwọ̀n ni, ọ̀gá wọn tó kú sí Odò Pupa, irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú bó ṣe wà lọ́jọ́ tó kú. Ó ní, "Ọdẹ́níran, o mà pẹ́ o. Wọlé. Ìjókòó rẹ ti wà nílẹ̀ láti ogójì ọdún."

"Ìjókòó tèmi bíi ti báwo?"

"Òkúta rẹ wà lórí òkìtì. Ẹni tí òkúta rẹ̀ bá wà níbẹ̀, tiwa ni. Nígbà tí wọ́n bá ń da omi sí i nílé, ṣé òtútù kì í mú ọ ni?"

Inú Ọdẹ́níran bà jẹ́ kọjá ibi tí ẹnu lè sọ. Ó wá rántí. Ó ti wọ ìlú wá lọ́nà oko lọ́jọ́ tó padà dé, kò gba ibodè kọjá, kò gbé òkúta rẹ̀. Ó ní lọ́la lòun yóò lọ gbé e. Ọ̀la di ọ̀túnla, ibà dé, ìgbéyàwó dé, ó sì gbàgbé. Ohun tí ojú bá ń tini láti rántí, kì í pẹ́ kí ọkàn tó gbàgbé rẹ̀. Òkúta ara rẹ̀ ló ti ń bá ìlú dárò láti ogójì ọdún, tó sì ń bá wọn jẹ ẹran ọjọ́ ìfọ̀kúta.

Wọ́n mú un dé gbọ̀ngán. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, ara wọn le, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀. Àpótí kan ṣófo láàárín wọn, ọbẹ̀ sì ń ta sánsán. Ebi ń pa Ọdẹ́níran, ẹ ṣáà mọ ibi tí iṣu rẹ̀ wà. Ó tẹ̀ kí ó jókòó.

"Níran, má jókòó."

Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sídìí ìkòkò, ìka mẹ́fà ló fi di igbá ìbọbẹ̀ mú. Olúgbódi ni. Ó ní, "Bí ìdí rẹ bá kan àpótí yẹn, ó parí nìyẹn. Dúró jẹun, bí o bá fẹ́ jẹ."

Ìgbà náà ni àlọ́ náà yé Ọdẹ́níran. Ẹni tó ń gba odidi ẹgbẹ́ ogun là láàárọ̀ àti lálẹ́ ló dúró níwájú rẹ̀ yìí, ó ń ro ọbẹ̀.

Ọdẹ́níran ní, "Olúgbódi, ṣé o lókùúta lórí òkìtì? Àwẹ̀ró ní èyí tí kò lórúkọ yẹn, tìrẹ ni."

"Ta ni yóò gbé tèmi síbẹ̀? Nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀kúta nílé, olúkúlùkù níbí á gbọ́ orúkọ rẹ̀, á dìde, á mu omi tútù."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń bu omi fún wọn."

"Ṣé inú kì í bí ọ?"

"Alásè kì í ráyè bínú. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan." Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì ní, "Bí o bá délé, sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé iyọ̀ tó bá mi dì sí etí aṣọ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, mo lò ó tán. Kò ṣòfò."

Ọdẹ́níran kò dúró jẹun. Ó sáré, kò sì wo ẹ̀yìn títí ó fi dé Òkè Òṣùwọ̀n. Àpò rẹ̀ ṣì wà níbi tó rì sí. Iwin náà káwọ́ lé orúnkún, ó ń sùn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ọdẹ́níran bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ òtítọ́ Odò Pupa fún àpò náà nìkan, ó sì fi ọwọ́ kan fà á jáde bí ẹni fa ewédú oko.

Ó wọ ìlú lọ́jọ́ ìfọ̀kúta gan-an, a ti fọ̀ wọ́n dé ìdajì. Akínrìnlọ́ gbé òkúta tí kò lórúkọ náà dání, ó ti kọjú sódò. Àwẹ̀ró wà níbẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra.

Ọdẹ́níran ní, "Gbé e fún mi, Olókìtì. Tèmi ni."

Àwa náà bú sẹ́rìn-ín. A rò pé ìtàn rẹ̀ ló ti tún dé. Omi tó wà lára òkúta náà kán, Ọdẹ́níran sín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rín wa sì dákẹ́.

Ó kọjú sí Àwẹ̀ró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò kankan. N kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ọta ìbọn kan bà mí nítan, mo sùn sábẹ́ igi, mò ń sunkún omi, gbogbo ẹgbẹ́ sì sá lọ. Olúgbódi ló gbé igbá omi padà wá. Ó fún mi mu, ó pọ̀n mí sẹ́yìn, ó gbé mi sọdá. A jọ gbọ́ ohùn ẹlòmíràn tó ń ké ní òdìkejì. Mo ní kó má lọ. Ó ní ọ̀fun ń gbẹ onítọ̀hún. Kò padà mọ́."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí lọ fún ogójì.

Àwẹ̀ró ní, "Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó sẹ́nu ibodè. N kò rí ọ kó o wọlé."

"Mo rí yín, ẹ̀gbọ́n. Mo rí yín láti inú igbó, ẹ ń wo ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ọ̀nà oko."

Lẹ́yìn náà ló jíṣẹ́ iyọ̀ fún un. Bó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀, ìyá náà jókòó sílẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà àfi òun àti àbúrò rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì dìde lọ sílé rẹ̀. A rò pé inú ló ń bí i, ó sì yẹ kó bí i.

Ṣùgbọ́n ó padà wá. Ó fi àkísà di òkúta kan mú, òkúta ààrò dúdú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ lábẹ́ ìkòkò ni, ó ṣì ń gbóná. Ó gbé e síwájú Akínrìnlọ́.

Akínrìnlọ́ ní, "Ìyá, òfin ni pé alásè..."

Ọdẹ́níran ní, "Olókìtì, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Gbogbo orúkọ tí ẹ ti ń pè láti àárọ̀, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n ti jẹun."

Akínrìnlọ́ fẹ́ràn ètò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkúta náà, ó da omi sí i. Ó dún ṣììì, èéfín sì rú. Ó fi kànìnkànìn ha á, ó ha á títí, dúdú rẹ̀ kò ṣí. Ó fi osùn pa á lórí dúdú náà bẹ́ẹ̀, ó gbé e sáàárín àwọn yòókù, ó sì pe orúkọ Olúgbódi. Àwẹ̀ró nìkan ló yẹ kó dáhùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló bá a dáhùn.

Nígbà tí èrò ń tú ká, ìyá náà dúró ti Ọdẹ́níran, tó ṣì gbé òkúta rẹ̀ mọ́ àyà. Ó ní, "Níran, ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Tèmi ti ku méjì báyìí. Kí ni kí n ṣe?"

Ọdẹ́níran gbé òkúta rẹ̀, ó tẹ̀ lé e dé ìdí iná, ó sì gbé e sí àyè èyí tó ṣófo. Orí rẹ̀ tẹ́jú, ó sì gba ìkòkò dáadáa.

Láti ọjọ́ náà, òtútù kò mú un mọ́ lọ́jọ́ ìfọ̀kúta. Ohun mìíràn ló kù tó ń ṣe é. Ẹ wò ó lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, bó ṣe jókòó síbi òjìji tó, tó sì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ tó, ẹ wo bí òógùn ṣe ń ṣàn lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró ti gbé ìkòkò kaná lórí òkúta rẹ̀ nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ fọ̀kúta wa kíákíá. Bí Ọdẹ́níran bá ti bọ́ ẹ̀wù, ọbẹ̀ ti jinná.